Ìwọ̀n Òrùka

Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láì fara kanra.
Ẹni tó pa òwe yẹn kò bá bàbá àgbà mi jókòó
nídìí tábìlì ilé ìdáná, ní Niufaunlandi, lóṣù kẹta,
tí yìnyín ń họ fèrèsé bí ológbò,
tí Leander Pardy, apẹja ogójì ọdún,
ń ka òfin òfuurufú pẹ̀lú awò ojú méjì, ọ̀kan lórí èkejì.

"Ṣé òkè náà ti wá ní onílé?"
Ó ní, Bàbá. Ó ní onílé, ó ní ààlà:
ẹ ò gbọdọ̀ ga ju irinwó ẹsẹ̀ bàtà lọ,
ẹ ò gbọdọ̀ sún mọ́ pápákọ̀ òfuurufú,
ẹ ò gbọdọ̀ rábàbà lórí ọmọ ọlọ́mọ,
ẹ ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó bọ́ lójú yín.
Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ìyá àgbà rẹ ló kọ ọ́."

Dírónù náà ò ju ohun tí à ń fi sápò ẹ̀wù òtútù.
A gbé e lé ìwọ̀n tí Drusilla fi ń wọn ìyẹ̀fun búrẹ́dì:
igba gíráàmù, ó lé mọ́kàndínláàádọ́ta.
Bí kò bá tíì pé igba ó lé àádọ́ta,
ìjọba ò bi yín lórúkọ, wọn ò bi yín ní nọ́ńbà.
Gíráàmù kan ṣoṣo la fi bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé!

Inú mi dùn. Bàbá dákẹ́.
Ó tọwọ́ bọ ọrùn ẹ̀wù, ó fa okùn kan yọ,
òrùka ìyàwó rẹ̀ ń fì nídìí okùn náà.
Ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ dírónù, ó tún gbé e lé ìwọ̀n.
Igba, ó lé mẹ́tàléláàádọ́ta.

"Ó yá," ó ní, "mú fọ́ọ̀mù wá."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Drusilla
nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo erékùṣù Bárásìwè kó kúrò.
Wọ́n so àgbá mọ́ ilé wọn, wọ́n sì fà á kọjá òkun,
aago ara ògiri ò dákẹ́, wọ́n ní ológbò sùn lójú fèrèsé.
Kò padà débẹ̀ mọ́. Ó ń wí i ṣáá ni.

Ìbéèrè márùndínlógójì ni ìdánwò náà.
Bàbá fìdí rẹmi. Ó sùn, ó jí, ó tún un ṣe.
Fọ́ọ̀mù bèèrè ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà, ó bèèrè ìwọ̀n rẹ̀;
kò síbi tí wọ́n ti bèèrè òrùka.
Nígbà tí nọ́ńbà dé, ọ̀dà tó fi ń kọ orúkọ ọkọ̀ rẹ̀
ló fi kọ ọ́, gàdàgbà-gadagba,
ọ̀dà sì fi gíráàmù kan kún un.

Ṣùgbọ́n láti èbúté wa, Bárásìwè jìnnà jù;
dírónù á di eṣinṣin kó tó débẹ̀, á di òfo.
Òfin ò gbà. A ní láti wakọ̀ lọ.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kùrukùru fi jókòó lójú omi bí onígbèsè.
Ní ìkẹwàá, a lọ.

Èmi ni mo di fóònù mú, tí mò ń wo àwòrán:
Bàbá, àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì rèé, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì.
Kànga rèé. Ewébẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ pupa kan
ṣì ń hù níbi tí ilé wà, kò sẹ́ni tó ń bomi rin ín.
Bàbá, ẹ wò ó. Ẹ tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Kò wò ó. Ó gbójú sókè, omi ń ṣàn létí awò.
"Òfin ní n má gbójú kúrò lára rẹ̀."

Ẹyẹ òkun kan tí kò ní nọ́ńbà yà wá,
ó wo òrùka náà, ó yí i po lẹ́ẹ̀kan.
Wọn ò fara kanra.
Bátìrì ku díẹ̀, mo sọ fún un.
Ó ní òun gbọ́.